Àwọn ọmọ fẹ́ dá ẹgbẹ́ ewì sílẹ̀ àmọ́ ojú ń tì wọ́n, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ni mí nílé ìwé girama kan n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ SS1 kan ní àwọn fẹ́ máa ké ewì, inú mi dùn, mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kọ nǹkan, nígbà tí wọ́n sì dìde láti kà á, ohùn wọn ò jáde, ọ̀kan tiẹ̀ bú sẹ́kún. Àwọn míì ní Yorùbá àwọn ò jinlẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Kò sówó fún máìkì o.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba bírò lọ́wọ́ wọn ná. Bẹ́ ẹ ṣe ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ wá yẹn, ìdánwò ni wọ́n kà á sí, ọmọ tó bá sì ti ń ro ìdánwò, àṣìṣe nìkan láá máa sá fún, kò ní rántí ohun tó fẹ́ sọ mọ́. Ẹnu lewì wa ti wá. Ọmọ ọdẹ tó mọ ìjálá sun, ẹ̀yìn àgbà ló ti ń gbè títí tẹ́nu ẹ̀ fi là. Ẹ wo ẹkún ìyàwó lágbègbè Ọ̀yọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ló ń dúró níwájú ẹbí àtará àdúgbò tó ń sọ tọkàn ẹ̀ fún ìyá àti bàbá ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì wà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọn ò fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù ẹ̀.

Torí náà, ẹ ní kí kálukú lọ bèèrè oríkì ẹ̀ àti oríkì orílẹ̀ wọn nílé, ì báà jẹ́ Oníkòyí ì báà jẹ́ Òpómúléró. Tí wọ́n bá dé, ẹ dúró yí ká, kí ọ̀kan lé, kí àwọn tó kù gbè. Ìlà kan, ìlà méjì, ó tó. Ọmọ Ígbò tàbí Haúsá tó wà nínú kíláàsì, kó mú ti ilé tiẹ̀ wá, kí gbogbo yín gbè é fún un bákan náà. Ọmọ tó sunkún yẹn, ẹ má yọ ọ́ kúrò o, ẹ fi ẹlòmíì tì í kí wọ́n jọ máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ò jinlẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ẹ má ṣàtúnṣe fún ọmọ nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró, ó di ẹ̀yìn ìpàdé. Ẹ tún wá ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Láńrewájú Adépọ̀jù fún wọn gbọ́, kí wọ́n rí báwọn àgbà ṣe ń fewì sọ̀rọ̀ ìlú lórí rédíò.

Ẹ fún kálukú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi ìdíje ewì tí wọ́n ń pè ní slam, tí akéwì kan, Marc Smith, bẹ̀rẹ̀ ní Chicago láwọn ọdún 1980. Àmọ́ níbẹ̀ àwọn èrò ìwòran máa ń fún akéwì ní máàkì, èmi ò fara mọ́ ọn fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bó ṣe máa lanu.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù nìyí, Mà. Ọmọ tó bá rí àyè sọ̀rọ̀ lè sọ ohun tẹ́ ẹ ò retí: pé wọ́n ń lu ìyá òun nílé, pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí ò yẹ. Ẹ má kàn pàtẹ́wọ́ kẹ́ ẹ wá kọjá lọ. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé, ẹ rọra bi í bóyá tiẹ̀ ni àbí ti ẹlòmíì, ẹ má sì ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, torí tó bá jẹ́ pé inú ewu ló wà, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé yín àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 wà fún irú ẹ̀.

Ẹ má gbé fídíò ọmọ kankan sórí WhatsApp láìjẹ́ pé òun àtòbí ẹ̀ fọwọ́ sí i, kódà tó bá ṣe dáadáa débi tórí yín wú.

Tó bá di ìparí táàmù, ẹ pe àwọn òbí wá sínú kíláàsì lásán, ẹ ò nílò máìkì. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó fi oríkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ò bá tíì fẹ́, kó wà lára àwọn tó ń gbè.