Èsì: Ohun tó wó ilé-iṣẹ́ wisikí Campbeltown

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní báwo ni Campbeltown, ìlú èbúté kékeré ní Skọ́tílándì, ṣe ní ilé-iṣẹ́ wisikí tó lé ní 20 nígbà kan, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán.

Òkun ló gbé ìlú náà ga. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ọkà bálì wọlé, ó ń kó àgbá ọtí lọ sí Glasgow. Èédú tí wọ́n fi ń dáná wà nítòsí, ní abúlé Drumlemble. Nígbà tí Alfred Barnard, òǹkọ̀wé tó rin ìrìn àjò káàkiri àwọn ilé-iṣẹ́ wisikí, ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ ní nǹkan bí 1885, ilé-iṣẹ́ 21 ló bá.

Ohun tó wó wọn pọ̀. Lójú tèmi, ìkánjú ló burú jù: àwọn kan ń sáré sè é, ọtí wọn ò dára mọ́, àwọn oníbàárà tó ń po wisikí pọ̀ sì kẹ̀yìn sí wọn. Amẹ́ríkà tún fòfin de ọtí ní 1920, kòtò èédú Drumlemble sì kógbá wọlé ní 1923. Nígbà tó fi máa di 1935, Springbank àti Glen Scotia nìkan ló ṣẹ́ kù. Glengyle, tó tì ní 1925, tún ṣí ní 2004.

Springbank ló wù mí jù. Láti 1828 ló ti wà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ṣì ń tẹ́ bálì sí kó lè hù, tí òṣìṣẹ́ á máa fi ṣọ́bìrì yí i síwá sẹ́yìn, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà lọ́ mọ́ra.