"Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e": ṣé òwe yìí bá ìgbín inú òkúta mu?

Ẹ̀gbọ́n kan l'Adó-Èkìtì ló béèrè. Ọmọ ẹ̀ tó ń ka jiọ́lọ́jì gbé fọ́tò kan wálé, nǹkan tó ká roboto nínú òkúta, ammonoid ni wọ́n ń pè é, ọmọ yẹn ní ìgbín òkúta ni, bàbá bá pa òwe yìí sí i, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá òwe náà bọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Òwe yẹn ò le, ibi tí olórí bá lọ lẹni tó so mọ́ ọn ń lọ, màmá mi máa ń pa á fáwọn tó bá pe bàbá sóde tí wọ́n ní kó fọmọ sílé. Àmọ́ ùgbín tó ń rìn, bá a ṣe ń pè é nílé, ni òwe ń sọ. Tàwọn ammonoid yìí, ẹni tó nilé ti lọ, ilé ló kù.

Wọn kì í tiẹ̀ ṣe ìgbín o! Inú òkun ni wọ́n gbé, ẹbí octopus àti squid ni wọ́n. Ìkarahun ìgbín, yàrá kan ṣoṣo ni látẹnu dókè, tiwọn ní ọ̀pọ̀ yàrá, èyí tó gbẹ̀yìn ni ẹran ara ń gbé, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá gba inú àwọn yòókù kọjá kó lè fúyẹ́ nínú omi. Ibi tí ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan ti kan ara ìkarahun, ilà máa ń wà níbẹ̀, tí èèpo òde bá ti ṣí lẹ máa rí i. Ilà yìí ni wọ́n fi ń mọ ìdílé wọn, bí àwọn bàbá wa ṣe ń wo pélé àti àbàjà lójú èèyàn kí wọ́n tó béèrè ilé ẹ̀. Bó ṣe ká nìkan lè tan yín jẹ torí ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ká bákan náà.

Ti ìdílé ammonoid tí wọ́n ń pè ní goniatite, ilà wọn kàn lọ wọ́gọwọ̀gọ ni, kò ní eyín. Ti ìdílé ceratite, ibi tí ilà tẹ̀ sẹ́yìn ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, ibi tó yọ síwájú ń dán. Ìdílé Clymenia lèmi fẹ́ràn jù, torí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tiwọn gba ẹ̀gbẹ́ inú nígbà tí tàwọn yòókù gba ẹ̀yìn òde, àmọ́ àwọn yẹn ti tán ní nǹkan bí mílíọ̀nù 359 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ikú ńlá wá dé ní ìparí sáà ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Permian, bíi mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn, goniatite parẹ́ pátápátá, ìdílé díẹ̀ ló yọ, ceratite ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ló wá bí sí i tí òkun tún fi kún.

Kọ́mọ yín má wá a lọ sí òkè Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́ o, òkúta tiwa ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó dáyé, iná abẹ́ ilẹ̀ ló sì sè é. Apá Gombe wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí wọn ní Nàìjíríà, àwọn tìgbà ẹ̀yìn ni ìyẹn. Tó bá fẹ́ fún un lórúkọ, kó pè é ní ìkarahun òkúta, kó yọ ìgbín kúrò ńbẹ̀.