Ìbínú lórí ajá, ìbínú lórí èèyàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé kí ló dé tí gbogbo ayé fi pariwo nígbà tí wọ́n pa kìnnìún Cecil ní Zimbabwe ní 2015, tó sì jẹ́ pé bí wọ́n bá pa èèyàn, a máa ń wò ó kọjá ni. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra.

Ní àdúgbò wa nítòsí Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹnì kan da omi gbígbóná sí ajá lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ojúlé ti jáde sí i. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nílé kejì tí wọ́n ń fi wáyà nà. À ń gbọ́ igbe rẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ, mo ti fèrèsé.

Ajá ò mọ ẹjọ́ọ́ rò, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ṣe. Èèyàn ńkọ́? "Kí ló ṣe?" la máa kọ́kọ́ bi. Ibẹ̀ ni àánú ti ń jò dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí àwọn aláàánú ẹranko dákẹ́ o. Ní New York, ní 1874, nígbà tí alágbàtọ́ ń lu ọmọbìnrin kan, Mary Ellen Wilson, bí ẹní lu bàrà, Henry Bergh tó dá ẹgbẹ́ aláàbò ẹranko sílẹ̀ ní 1866 wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ aláàbò ọmọdé sílẹ̀.

Àwọn tó bínú nítorí ajá yẹn ni mo padà lọ bá. Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ ilé kejì yẹn. Ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí.