Ìbéèrè Yín Lórí Eégbọn Ara Ẹyẹ àti Ẹran Ìgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àánú akika kan ṣe àbúrò mi, ló bá rà á lọ́wọ́ ọdẹ lẹ́bàá títì. Ìgbà tí a gbé e délé la rí i pé eégbọn pọ̀ lábẹ́ ìpẹ́ rẹ̀. Ó ti ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, kò fẹ́ tú ara sílẹ̀. Ṣé kí a fín oògùn sí i? (Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín nǹkan kan sí i. Oògùn tí ẹ bá fín yóò ṣàn wọ abẹ́ ìpẹ́, ara awọ rírọ̀ ni yóò sì dúró sí. DDVP, oògùn apakòkòrò olómi, ló burú jù nínú wọn: iṣan ìmọ̀lára ni ó ń bà jẹ́, ti eégbọn àti ti ẹranko tí eégbọn wà lára rẹ̀. Ìdí wà tí NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà ní 2019.

Eégbọn kọ́ ni yóò kọ́kọ́ pa akika yín. Òùngbẹ àti ìbẹ̀rù ni. Ẹ gbé e sínú àpótí pákó tó nípọn tí ẹ ti lu ihò sí, nítorí pé yóò fi èékánná ya páálí. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé omi sínú abọ́ tí kò jìn, kí ẹ sì gbé àpótí náà síbi tó ṣókùnkùn tí kò sí ariwo. Ara akika kì í gbóná tó ti ajá, 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius ni ooru rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ má torí pé ó tutù díẹ̀ lọ́wọ́ yín gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná. Aṣọ funfun yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀: eégbọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó yóò já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ó rí i láàárọ̀, ẹ ó sì kà á.

Ẹ má fi ipá tú u. Tí ilẹ̀ bá ṣú, òun fúnra rẹ̀ yóò tú ká. Nígbà náà ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ ojú, etí, abíyá, ikùn tí kò ní ìpẹ́, àti àyíká ihò ìdí. Irú eégbọn kan wà tó jẹ́ pé akika gan-an ni ilé rẹ̀, Amblyomma compressum lorúkọ rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí márùn-ún, kò sí ìjayà. Àmọ́ tí èrìgì rẹ̀ bá funfun bí ìwé, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ nìyẹn, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀kan tún wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n lè fún un ní oògùn oorun kí wọ́n tó yọ eégbọn náà.

Ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Àánú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n owó tó san ni ọdẹ yẹn yóò fi ra ọta ìbọn mìíràn. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà akika mẹ́jọ láàárín orílẹ̀-èdè, òfin Nàìjíríà náà sì dáàbò bò ó. Tí wọ́n bá tún gbé òmíràn wá, ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó ni kí ẹ pè.

Ìjì já ọmọ lékeléke kan bọ́ láti orí igi. Nǹkan kéékèèké bíi yànmọ̀tí tò yí ojú rẹ̀ ká. Báwo ni mo ṣe máa yọ wọ́n? (Òǹkàwé kan, Ṣakí)

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ sì fà á súnmọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́fà, ọmọ eégbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ti dàgbà díẹ̀. Ojú, etí àti orí ni wọ́n máa ń sá sí lára ẹyẹ, torí pé àgógó ẹyẹ kò lè débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ara ẹyẹ náà kọ́kọ́ móoru fún wákàtí kan nínú páálí, kí ẹ fi aṣọ wé ike omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi táwẹ̀lì wé ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀: ojú èèyàn ni lékeléke máa ń sọ àgógó sí. Ẹ má sì fún àyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí egungun àyà ẹyẹ kò bá ráyè gòkè sọ̀kalẹ̀, kò lè mí, yóò kú sí yín lọ́wọ́ láìpariwo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá la ẹnu tó ń mí gúlegúle, ẹ dá a padà sínú páálí, ó di ọ̀la.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Lórí igi tí lékeléke ń tẹ́ ìtẹ́ sí, eégbọn mìíràn wà tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lóru tó sì ń sá pamọ́ sínú èèpo igi ní ọ̀sán. Bí ó bá bá ọmọ ẹyẹ wọlé, ìṣẹ́po páálí ni yóò sá sí. Bí ẹyẹ yín bá ń ṣìgọ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ kò sì rí nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ ya ìṣẹ́po páálí náà wò, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì lo tuntun.

Mo fa eégbọn lára ẹtu kan tí a gbà sílẹ̀, ara rẹ̀ já, ẹnu rẹ̀ kù sínú awọ. Bàbá mi ní kẹrosíìnì ló yẹ kí n kọ́kọ́ kán sí i. (Òǹkàwé kan, Ìṣẹ́yìn)

Ẹ bá mi kí Bàbá, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì kò dára. Ó ń bó awọ ẹranko, eégbọn kì í sì í tètè jáwọ́. Bí ó ṣe ń kú lọ, ó lè máa pọ ohun inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ìdí tó fi já ni pé ẹnu rẹ̀ ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó kọ ojú sẹ́yìn, itọ́ rẹ̀ sì ń le mọ́ awọ bíi símẹ́ńtì. Eégbọn aláràbarà tó wọ́pọ̀ lára màlúù àti ẹtu wa, ẹnu rẹ̀ gùn ju ti eégbọn ajá lọ. Abo rẹ̀ tó bá yó lè tó kóró àgbálùmọ̀, ara ńlá yẹn ni ọwọ́ sì máa ń dì mú. Ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni kí ẹ lò. Ẹ tì í wọ àárín irun títí yóò fi kan awọ, ẹ fi gbá ẹnu eégbọn mú, kí ẹ fà á sókè gbọọrọ, díẹ̀díẹ̀, láìlọ́ ọ. Ó lè gbà tó kíka ení dé ẹẹ́wàá. Awọ yóò kọ́kọ́ gbéra bí àgọ́ kékeré, lẹ́yìn náà ni eégbọn yóò jáwọ́.

Èyí tó kù sínú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ wá a. Ẹ fi ayodíìnì pa ojú rẹ̀, awọ yóò tì í jáde. Bí ó bá wú tàbí tó ṣọyún, dókítà ni. Kí ẹ sì da aṣọ bo ojú ẹtu náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dì í mú, torí ìbẹ̀rù nìkan lè ba iṣan ẹran ara rẹ̀ jẹ́, kí ó kú ní ọjọ́ kejì. Ti ẹtà àti ọ̀bọ yàtọ̀: wọ́n ń gé ni jẹ, dìgbòlugi sì wà. Eégbọn ẹnu akátá ni ìyẹn, adìẹ kọ́ ni yóò ṣà á jẹ.

Ẹ má fi èékánná tẹ eégbọn pa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ jù ú sínú spírítì. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí ẹ rí egbò tó ní èèpo dúdú, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ yọ eégbọn. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ibà ẹ̀fọn ni wọn yóò máa tọ́jú.

Mo ń ṣèrànwọ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹyẹ tó fara pa ní Kent. Wọ́n ní kí n máa tọ́jú gbogbo eégbọn tí mo bá yọ pamọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? (Òǹkàwé kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù wá sí Áfíríkà ń gbé eégbọn wa padà. Ọmọ eégbọn Hyalomma rufipes, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun, lè wà lára ẹyẹ kan fún ọjọ́ 12 sí 26, ìyẹn sì tó láti fò kọjá aṣálẹ̀ àti òkun. Ní 2018, wọ́n rí èyí tó ti dàgbà lára ẹṣin kan ní Dorset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò kúrò ní orílẹ̀-èdè náà rí. Irú eégbọn yìí lè gbé kòkòrò àrùn ibà Crimean-Congo tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà lára èèyàn, ìdí nìyẹn tí UKHSA, àjọ ààbò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń gba eégbọn lọ́wọ́ aráàlú láti yẹ̀ wò.

Ìgò kan fún ẹyẹ kan, spírítì 70%. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti rí i, irú ẹyẹ, àti ibi tí ẹ ti yọ ọ́ lára rẹ̀ sórí bébà kékeré, kí ẹ sì ju bébà náà sínú ìgò. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí spírítì yóò fọ yíǹkì bírò kúrò.