Ẹ́sítírà Táyà Fún Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé: Ìbéèrè Yín Lórí Ráútà Ọlọ́nà-Méjì

Láti Òṣogbo ni gbogbo lẹ́tà inú abala yìí ti wá, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé tó ń já nígbà tí èèyàn nílò rẹ̀ jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáíbà ni mò ń lò, ṣùgbọ́n bó bá ti já, kí n tó wá fóònù kí n tan hotspot, àwọn ọmọ ti túká. Wọ́n ní kí n ra ráútà tó ń gba ìsopọ̀ méjì. Kí ló ń ṣe gan-an? Ṣé méjèèjì á pa pọ̀, tí yóò fi yára ní ìlọ́po méjì? — Olùkọ́ kan, Òkè-Fìà

Ẹ kú làálàá, Olùkọ́. Kò ní di ìlọ́po méjì o. Ẹni tó bá fi ìyẹn polówó rẹ̀ fún yín, ọjà rẹ̀ ló ń tà.

Ráútà yìí ní ihò méjì tí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé, WAN ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ó lè pín iṣẹ́ fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí fóònù ọmọ gba ibí, kí tẹlifíṣọ̀n gba ọ̀hún. Ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ bá ń fà wálẹ̀, ọ̀nà kan ni yóò gbà, kò ní yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pípín yìí tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lórí ìkànnì báńkì: ẹ gba ọ̀nà kan wọlé, ọ̀nà kejì ló lọ béèrè ojú-ìwé tó kàn, báńkì á ní òun ò mọ̀ yín rí, á lé yín jáde. Ọ̀nà kejì láti lò ó ni kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́, kí èkejì jókòó dè é bí ẹ́sítírà táyà inú búùtù. Èyí ló bá ọ̀rọ̀ yín mu.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà, àpótí fáíbà tó wà lára ògiri kò kúrò níbẹ̀. Ẹ ra ráútà ọlọ́nà-méjì (a óò fi TP-Link ER605 ṣàpẹẹrẹ, torí ó wọ́pọ̀), ráútà onísíìmù 4G kan, àti kébù Cat5e tàbí Cat6 méjì tí kò ju mítà kan sí méjì lọ. Kí ráútà onísíìmù náà ní ihò kébù lẹ́yìn o. MiFi kékeré inú àpò tí kò ní ju ihò ṣájà lọ kò ní wúlò níbí. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé ER605 kò ní Wi-Fi nínú rárá, ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó nìyẹn. Ráútà àtijọ́ tí ẹ ti gbé jù sábẹ́ ibùsùn lè ṣe é: ẹ yí i sí Access Point (kó máa fọ́n Wi-Fi nìkan), ẹ fi kébù so ó mọ́ ihò LAN (ihò tí ẹ̀rọ inú ilé ń gbà) lára ER605.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni nọ́ńbà àdírẹ́sì. Àpótí fáíbà sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1. Ráútà onísíìmù Huawei sábà máa ń jẹ́ 192.168.8.1, ṣùgbọ́n òmíràn tún ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. ER605 fúnra rẹ̀, 192.168.0.1 ni. Bí méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó di ilé méjì tó ń jẹ́ nọ́ńbà 13 ládùúgbò kan, ọlọ́kadà tó gbé ẹrù wá kò ní mọ èyí tí yóò kàn. Nítorí náà, kí ẹ tó so ohunkóhun pọ̀, ẹ fi kébù so kọ̀ǹpútà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, kí ẹ sì yà wọ́n sọ́tọ̀: fáíbà 192.168.1.1, onísíìmù 192.168.8.1, ráútà tuntun 192.168.50.1.

Ó wá ku síso. Lórí ER605, ihò kejì lè jẹ́ WAN, ó sì lè jẹ́ LAN. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di WAN ní WAN Mode lójú-ìwé ráútà náà, ráútà á pa ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tàn. Fáíbà lọ sí ihò kìíní, onísíìmù sí ìkejì, Dynamic IP ni kí ẹ yàn fún méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Transmission, ẹ wọ Load Balancing, ẹ ṣí Link Backup. Ẹ fi fáíbà ṣe Primary, ẹ fi onísíìmù ṣe Backup, ẹ yan Failover. Bí ẹ bá fo Link Backup yìí, pípín iṣẹ́ ni ráútà á máa ṣe, dátà síìmù yín á sì máa lọ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé fáíbà já.

Mo ti to tèmi. Nígbà tí mo yọ kébù, ó yí sí síìmù lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fáíbà já lóòótọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò yí rárá. Iná WAN ń tàn geere. Ṣé ráútà mi ti bàjẹ́ ni? — Ẹ̀gbọ́n kan, Ògo-Olúwa

Kò bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ìdánwò yín ni kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Kébù tí ẹ yọ ni èyí tó wà láàárín àpótí fáíbà àti ráútà, kò sí ráútà tí kò ní rí ìyẹn. Bí katapílà bá gé fáíbà lójú títì, àpótí inú ilé yín ṣì níná, kébù rẹ̀ ṣì wà nínú ihò, ráútà rò pé àlàáfíà ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọ̀nà ló dí. Ẹ wo ojú àpótí fáíbà lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ óò rí iná pupa kékeré níbi tí wọ́n kọ LOS sí, ìyẹn ni pé àmì fáíbà kò wọlé mọ́.

Ẹ ní láti sọ fún ráútà pé kó máa ránṣẹ́ sí òkèèrè, kó sì máa dúró gba èsì. Lórí ER605, Online Detection ni. Ẹ yan Manual, ẹ fi 8.8.8.8 sí Ping, ẹ fi 1.1.1.1 sí DNS Lookup (àdírẹ́sì òkèèrè tó máa ń dáhùn ni méjèèjì), fún WAN méjèèjì. Ẹ má fi 192.168.1.1 síbẹ̀ o, àpótí fáíbà ni ìyẹn, yóò máa dáhùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kí ẹ wá tún un dán wò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lórí iná, ẹ rọra yọ okùn fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní orí aláwọ̀ ewé lẹ́yìn àpótí. Ẹ má fi ìka kan ẹnu rẹ̀, òróró ara á bà á jẹ́, ẹ má sì gbé e sójú wò. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ó dára. Ìpè WhatsApp tó ń lọ lọ́wọ́ lè já, torí àdírẹ́sì yín ti yí padà níta, kò sí ọgbọ́n tí ráútà yìí lè dá sí i. Zoom sábà máa ń padà wọlé fúnra rẹ̀.

Àìsàn kejì tún wà: fáíbà tó ń kú, tó ń jí. Ráútà á lọ, á bọ̀, gbogbo ìpè á máa já. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ kébù WAN1 pátápátá, ẹ jẹ́ kí síìmù máa gbé e lọ títí tí ilé-iṣẹ́ á fi tún tiwọn ṣe.

NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, fáíbà kú, síìmù kú, ráútà kú. Ẹni tó ta mini-UPS (bátìrì kékeré, 8,800mAh ni wọ́n kọ sí i lára) fún mi ní wákàtí mẹ́jọ ló máa gbé. Wákàtí kan àbọ̀ kò pé tó fi kú. — Bàbá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ìṣirò ló jìn sí kòtò níbẹ̀, Bàbá Ìbejì. 8,800mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 3.7V ni wọ́n fi kà á, kì í ṣe 12V. 8,800mAh jẹ́ 8.8Ah; 8.8 lọ́nà 3.7 jẹ́ 32.56Wh, ìyẹn iye iná tó wà nínú rẹ̀. Bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ bá ṣòfò nínú yíyí iná padà, ó ku bíi 26Wh. Ẹ ka àpótí fáíbà sí 6W, ráútà 6W, onísíìmù 7W: 19W. 26 pín sí 19, wákàtí kan àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn.

Bí ínfátà bá wà nílé, ẹ gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí rẹ̀, bátìrì 12V, 100Ah tó lera á gbé wọn di òwúrọ̀. Mini-UPS dára fún ẹni tí iná rẹ̀ máa ń lọ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yí ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́: òmíràn 12V, òmíràn 9V, òmíràn 5V. Ẹnu wáyà lè bá ihò mu kí iná rẹ̀ má bá a mu, èéfín ni yóò sọ fún yín.

Ká sọ tòótọ́, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ráútà àti bátìrì pọ̀, bátìrì ni kó kọ́kọ́ rà.

Fáíbà já ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, mi ò mọ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́ Àìkú, gbogbo dátà orí síìmù ti tán. — Ìyáàfin kan, Dada Estate

Ráútà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa jù, Ìyáàfin, inú ilé ni kò mọ̀ pé ìlú ti yí. Fídíò HD lórí Netflix lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, 4K lè jẹ tó 7GB. Ẹ fún tẹlifíṣọ̀n ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà ní Address Reservation, kí ẹ sì lo Policy Routing láti dè é mọ́ WAN1 nìkan. Bí fáíbà bá já, tẹlifíṣọ̀n á dákẹ́, iṣẹ́ á máa lọ. Àwọn ọmọ á pariwo, ìyẹn náà á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé fáíbà ti já.

Ẹ má gbàgbé síìmù ọ̀hún. Dátà oṣù kan máa ń kú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bí ẹ kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣí lórí fóònù mi bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti bọ́ sí síìmù. — Oníṣòwò kan, Ìgbọ̀nà

Àdírẹ́sì kan náà ni ilé-iṣẹ́ síìmù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sí, ẹni tó wà níta kò lè dárí wọlé sọ́dọ̀ yín ní tààrà. Port forwarding (ṣíṣí ọ̀nà lórí ráútà kí ẹni tó wà níta lè wọlé) kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ lo áàpù kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀, èyí tó ń gba orí sáfà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀ síra ni mo ní, síbẹ̀ wọ́n máa ń kú pọ̀. — Ẹni kan, Ọ̀tà-Ẹ̀fun

Orúkọ ló yàtọ̀. Wọ́n lè jọ wà lórí òpó kan náà, bí jẹnẹrétọ̀ òpó bá kú, àwọn méjèèjì á jọ kú. Kí ẹ tó yan síìmù kejì, ẹ fi fóònù kan náà dán wọn wò lójú fèrèsé kan náà, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ayé ń lò ó, kí ẹ sì tún dán an wò nígbà tí iná bá ti lọ pẹ́ ládùúgbò. Lójú-ìwé ráútà onísíìmù, ẹ wo RSRP, ìyẹn agbára àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì: −85 dára, bó bá ti kọjá −110 lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé míì.

Nígbà míì, jíjìnnà ni wàhálà náà wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kébù abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Côte d'Ivoire, ẹni tó ní fáíbà àti ẹni tó ní síìmù ní Nàìjíríà jọ jìyà rẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ yín kò bá gba irú ìyẹn láyè, Starlink tó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023 lè di WAN kejì, torí láti ojú ọ̀run ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n àwo tuntun rẹ̀ máa ń jẹ 75W sí 100W. Mini-UPS Bàbá Ìbejì kò ní gbé e ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, bó bá tiẹ̀ lè tan án rárá.