Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún gígun odi ìlú York

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wá kí wa láti Ìbàdàn. A fẹ́ mú wọn lọ sí York ní Sátidé kan, àwa àti àwọn ìbejì wa ọmọ ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú Ìdòwú tó ṣì wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì odi ìlú náà, pọ́n-ùn 18 fún àgbà, 10 fún ọmọdé. Ó ní ẹni tí kò bá ní i, wọn kò ní jẹ́ kó gòkè, àti pé wákàtí kan la ó fi yí ìlú náà po. Ṣé ká tètè san án kó tó tán? Kí ni ká sì kọ́kọ́ wò? Ìyá Ìbejì, Leeds.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má san kọ́bọ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan fún gígun odi ìlú York. Ọ̀fẹ́ ni, fún àgbà, fún ọmọdé, fún àlejò, fún onílé.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni mo ń ṣe nílùú náà, ìbéèrè yìí sì ti di lemọ́lemọ́ lọ́dọ̀ mi. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ìdílé tó dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, tí bàbá ń tú àpò wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi hàn, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ń gba ìwé. Owó oúnjẹ àwọn ọmọ ti bá ọ̀nà yẹn lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Káńsù ìlú York ló ń tọ́jú odi náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ni wọ́n kà á sí. Láàárọ̀ wọ́n á ṣí géètì kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, wọ́n á tì í. Ọjọ́ Kérésì, wọn kì í ṣí i. Bí yìnyín bá bo òkúta, tàbí tí wọ́n bá ń tún apá kan ṣe, wọ́n lè tì í láìrò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ yẹ ojú ewé káńsù wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí èmi kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ojú ọjọ́ fún yín.

Mo mọ ibi tí irọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn ẹnubodè àtijọ́ tó wà lára odi náà, tí wọ́n ń pè ní Bar níbẹ̀, ní yàrá lókè wọn. Wọ́n máa ń lo irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tàbí ilé kọfí, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ lè sanwó. Owó ilé yẹn ló san, kì í ṣe owó odi. Bákan náà, ẹni tó bá gba afinimọ̀nà ń sanwó ẹnu àti àkókò onítọ̀hún. Èmi náà ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ gbangba kí n tó gbà á. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn sọ ara rẹ̀ di oníbodè lórí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, kó wá ní ẹni tí kò bá san kò ní gòkè, jìbìtì ni, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Mi ò mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ o, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni ní olè láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé owó ìfinimọ̀nà ló ń gbà tí kò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹ bi í pé: kí ló wà nínú owó yìí gan-an? Ta ni yóò mú wa rìn, láti ibo dé ibo, fún wákàtí mélòó? Bí ó bá tún ń sọ fún yín pé tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni, ẹ fi í sílẹ̀. Bí owó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ pa gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́, kí ẹ pe báńkì yín lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, báńkì ni yóò sọ ohun tó bá kàn.

Tó bá sì jẹ́ afinimọ̀nà lẹ ń fẹ́, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan wà ní York tó ti ń mú àlejò yí ìlú ká lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1951. Exhibition Square ni wọ́n ti ń gbéra, níwájú ilé àwòrán tó dojú kọ ẹnubodè Bootham. Ọ̀fẹ́ pátápátá ni. Èmi tí mo ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí ni mo ń sọ ọ́ fún yín, torí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Láyé àtijọ́, owó wà níbodè lóòótọ́. Ẹni tó bá kó ọjà wọ ìlú á san owó orí rẹ̀, ọba sì máa ń fún ìlú láṣẹ láti gba owó lórí ọjà kí wọ́n fi mọ odi. Òkúta tí ẹ ó tẹ̀ lónìí, ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Odi tí àwọn ará Róòmù mọ kọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń tà á fún àlejò bẹ́ẹ̀. Ti Róòmù kù díẹ̀, èyí tó dára jù níbẹ̀ sì ni ilé ìṣọ́ onígun púpọ̀ tó wà nínú ọgbà Museum Gardens.

Nígbà tó di nǹkan bí 1800, àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ wó odi náà palẹ̀, nítorí ó ń há ọ̀nà, àtúnṣe rẹ̀ sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Àwọn ènìyàn kọ̀. Ayàwòrán William Etty, ọmọ bíbí York, wà lára àwọn tó fi ìwé àti ẹnu jà fún un. Síbẹ̀ wọ́n wó lára rẹ̀. Àwọn ẹnubodè ńlá ní ilé ààbò níwájú tẹ́lẹ̀, níbi tí wọn ti lè há ọ̀tá mọ́ àárín ilẹ̀kùn méjì. Ti Walmgate nìkan ló kù, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ará ìlú ló gba odi yìí sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè máa rìn lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó bá ń ta á.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ wákàtí kan. Odi náà gùn tó kìlómítà 3.4, àgbàlagbà tó le á sì lò tó wákàtí méjì kó tó yí i ká. Kò tilẹ̀ yípo tán. Nígbà tí Ọba William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dí odò Foss kí omi lè yí ilé olódi rẹ̀ ká, omi sì tẹ́jú lápá ìlà oòrùn ìlú títí ó fi di adágún ńlá. Ọ̀tá kò lè gba ibẹ̀ wọlé, nítorí náà wọn kò mọ odi síbẹ̀. Omi ti gbẹ, títì ọkọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá dé Layerthorpe, níbi tí odi ti dá, ilẹ̀ lẹ ó máa rìn títí dé ilé ìṣọ́ Red Tower, níbi tó ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbìyànjú láti yí i ká pẹ̀lú àwọn ìbejì. Láti Bootham dé Monk Bar nìkan ni kí ẹ rìn, bí ogún ìṣẹ́jú ni fún ẹni tí kò dúró wòran. Apá yìí ló dára jù, torí ẹ ó máa wo kàtídírà ńlá ìlú náà láti ẹ̀yìn, lókè àwọn ọgbà àti igi. Ẹ̀yin tàbí Bàbá Ìbejì ni kí ó bá wọn gòkè, kí ẹ di ọwọ́ wọn mú, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní irin ààbò lápá inú, òkúta sì máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Àtẹ̀gùn náà ga, ó sì há. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò yẹ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé Ìdòwú sókè pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Orúnkún Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, kí wọ́n dúró nísàlẹ̀.

Wọn kò ní pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó bá wá láti Ìbàdàn, bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, York Minster, kàtídírà tí mo sọ yẹn, ló yẹ kó kọ́kọ́ rí. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó jókòó níbẹ̀ ló tẹ̀ lé ti Canterbury nínú ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Áfíríkà ti jókòó lórí àga yẹn: John Sentamu, ọmọ Uganda, láti 2005 títí di 2020. Nǹkan bí 1220 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kàtídírà tó wà níbẹ̀ báyìí, 1472 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Owó ni àlejò fi ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í san. Bí ẹ bá lè dúró de ìsìn ìrọ̀lẹ́, tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ, ẹ mú Màmá jókòó síbẹ̀. Ilé ìṣọ́ àárín rẹ̀ ní àtẹ̀gùn 275, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kì í gùn ún, nítorí náà ẹ gbàgbé ìyẹn.

Ẹ sọ èyí náà fún Màmá àti àwọn ọmọ, torí àwọn ènìyàn wa kì í sábà gbọ́ ọ. Septimius Severus, Késárì Róòmù, ọmọ Leptis Magna tó wà ní Líbíà òde òní, York ló kú sí ní 211. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yorkshire Museum, nínú ọgbà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní egungun obìnrin ọlọ́lá kan tí wọ́n sin ní ọ̀rúndún kẹrin pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí orírun rẹ̀ jẹ́ Àríwá Áfíríkà. Owó ni wọ́n fi ń wọ ilé náà. Ọgbà ìta jẹ́ ọ̀fẹ́, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti ṣí kúlà ìrẹsì yín.

Fún àwọn ìbejì, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Mallard, ọkọ̀ ojú irin tó ń fi agbára ooru omi rìn, tó sì sáré ju gbogbo irú rẹ̀ láyé lọ ní 1938, wà níbẹ̀. JORVIK, tó ń ṣàfihàn bí àwọn Viking ṣe gbé nílùú náà, ń gba owó dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ gba ààyè sílẹ̀ ṣáájú.

Clifford's Tower, ilé ìṣọ́ òkúta tó wà lórí òkè kékeré kan, dára láti wò láti ìsàlẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá bèèrè, ẹ má pa á mọ́ fún wọn pátápátá. Ní oṣù Kẹta 1190, nǹkan bí 150 Júù sá wọ ilé ìṣọ́ onígi tó wà lórí òkè yẹn nígbà náà, àwọn jàǹdùkú sì yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pa ara wọn, àwọn tó jáde, wọ́n pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó jẹ Júù lówó lọ sun ìwé gbèsè nínú kàtídírà.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leeds, kò tó wákàtí kan. Ìdòwú kì í san, àwọn ìbejì á san ìdajì. Káàdì ìdílé wà tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó àgbà kúrò, tó sì ń yọ 60 nínú 100 ti ọmọdé. Ẹ ṣírò bóyá yóò pé yín kí ẹ tó rà á. Bó bá jẹ́ mọ́tò lẹ ó gbé, ẹ fi í sílẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀yìn ìlú, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì wọlé. Shambles, òpópónà àwọn alápatà àtijọ́, máa ń há gan-an lọ́sàn-án Sátidé, kẹ̀kẹ́ ọmọ kò ní rí ọ̀nà gbà. Kí aago mẹ́wàá tó lù ni kí ẹ gba ibẹ̀ kọjá.