Ẹ̀rọ tí ń yẹ ojú alátọ̀gbẹ wò: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí màmá mi ti ní àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé kámẹ́rà kan yóò ya inú ojú wọn, kọ̀ǹpútà ni yóò sì sọ bóyá àrùn wà níbẹ̀, nítorí pé kò sí dókítà ojú nítòsí. Ojú kò dun màmá, wọ́n sì ń ríran dáadáa. Ṣé kí wọ́n gbà? Báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè mọ iṣẹ́ tí dókítà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́? — *Òǹkàwé kan, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà. Pé màmá ń ríran dáadáa kò sọ pé ẹ̀yìn ojú wọn wà ní àlàáfíà. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín inú awọ fẹ́lẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú jẹ́. Wọn á wú, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi á máa jò lára wọn, àwọn iṣan tuntun tí kò lágbára sì lè máa hù níbi tí kò yẹ. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora kankan, nígbà tí ìríran bá sì fi máa di bàìbàì, ìbàjẹ́ náà ti lè kọjá ohun tí ìtọ́jú lè dá padà. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń rọ alátọ̀gbẹ láti máa yẹ ẹ̀yìn ojú wò déédéé, yálà ojú ń dùn ún tàbí kò dùn ún.

Ní ti bí ẹ̀rọ ṣe mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó jókòó kọ òfin sínú rẹ̀ pé báyìí ni àmì àrùn ṣe rí. Àwòrán ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí Google gbé jáde ní ìparí ọdún 2016, àwòrán ẹ̀yìn ojú 128,175 ni wọ́n lò, láti Amẹ́ríkà àti Íńdíà. Àwọn dókítà ojú àti àwọn tó ti ń parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, 54 lápapọ̀, ni wọ́n pín in wò, ẹni mẹ́ta sí méje ló sì ṣe ìdájọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn dókítà pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀rọ yóò wo àwòrán, yóò sọ èrò rẹ̀, wọn yóò fi èrò náà wé ìdájọ́ àwọn dókítà, ìṣirò yóò sì fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tún ẹ̀rọ ṣe díẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, àṣìṣe rẹ̀ á máa dín kù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, FDA, àjọ tí ń ṣe àbójútó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ IDx-DR, ti ilé-iṣẹ́ tí Michael Abramoff, dókítà ojú ní University of Iowa, dá sílẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ tí àjọ náà gbà láyè láti sọ èsì irú àyẹ̀wò yìí láìjẹ́ pé dókítà tún àwòrán náà wò. Wọ́n dán an wò lára alátọ̀gbẹ 900 ní ibi ìtọ́jú mẹ́wàá. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí àrùn ojú wọn ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀, ó dá bíi 87 mọ̀. Èyí wú ni lórí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé àwọn 13 tó kù, tí ẹ̀rọ sọ fún pé kí wọ́n máa lọ sílé. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ní kò sí nǹkan, kí màmá padà wá nígbà tí wọ́n bá dá fún wọn. Bí ohunkóhun bá sì yí padà nínú ìríran wọn kó tó di ìgbà náà, kí wọ́n wá dókítà ojú lọ, ohun yòówù kí èsì ẹ̀rọ jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ojú àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí? Kí ló fi dá wa lójú pé wọn yóò ṣiṣẹ́ fún àwa aláwọ̀ dúdú? — *Òǹkàwé kan, London*

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn máa bi ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wọn nìyí. Àwọ̀ ẹ̀yìn ojú yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, tiwa sì máa ń dúdú díẹ̀ sí i. Àmọ́ a ní ẹ̀rí gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi àwòrán àwọn ará Singapore kọ́ lọ sí Zambia, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 1,574, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní ọdún 2019: nínú ọgọ́rùn-ún tó yẹ kí dókítà rí, ó mú bíi 92. Mo ka èyí sí ìròyìn ayọ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju àwọ̀ lọ ni ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ. Nígbà tí Google gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dé ilé ìwòsàn 11 ní Thailand, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ kọ̀ láti yẹ̀ wò. Àwọn yàrá ibòmíràn kò ṣókùnkùn tó, àwòrán kò sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀, àwọn aláìsàn ń dúró. Ẹni tí ẹ̀rọ kọ àwòrán rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà ní ọjọ́ mìíràn, ìbáà ṣòro fún un láti kúrò níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan lè rí i fúnra rẹ̀ pé ojú náà dára, kó má sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ̀rọ tún lè kọ́ ohun tí a kò rán an. Àwọn olùwádìí tó yẹ ẹ̀rọ tí ń wá àrùn òtútù àyà nínú fọ́tò X-ray wò ní ọdún 2018 rí i pé ó lè dá ilé ìwòsàn tí fọ́tò ti wá mọ̀. Bí àwọn tó ní àrùn náà bá sì pọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ju èkejì lọ, àmì ilé ìwòsàn náà nìkan tó láti fi méfò. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ ni yóò ti máa gba máàkì. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, máàkì rẹ̀ lè já wálẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn College of Medicine, University of Ibadan, àti àwọn olùwádìí University College London jọ ṣe, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn kọ́ ẹ̀rọ láti dá kòkòrò ibà mọ̀.

Ìbéèrè: Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa máa ń fi irú àwòrán báyìí ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp. Ṣé àṣírí aláìsàn bò? — *Nọ́ọ̀sì kan, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Lójú ọ̀nà, ó bò. Gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ tó gbé àrokò láyé àtijọ́ ṣe lè má mọ ohun tó ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí iṣẹ́ WhatsApp ń gba ọwọ́ wọn kọjá kò ṣe lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2016. Ewu wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì: àwòrán á wà lórí fóònù yín, á wà lórí ti dókítà, ó sì lè wà níbi tí fóònù ń tọ́jú ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ sí. Yíyọ orúkọ kúrò dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ètò iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú ẹnì kan kò bá ti ẹlòmíràn mu, àwọn olùwádìí Google sì fi hàn ní ọdún 2018 pé ẹ̀rọ lè wo àwòrán ẹ̀yìn ojú nìkan kó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kó sì sún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀.

Nítorí èyí, àwọn olùwádìí ń wá ọ̀nà tí àwòrán kò fi ní kúrò ní ilé ìwòsàn rárá. Ẹ̀rọ ni yóò lọ bá àwòrán níbi tó wà, yóò kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ohun tó kọ́ nìkan ni yóò sì gbé padà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 2021, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ ìlera 20 ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kọ́ ẹ̀rọ kan lọ́nà yìí láti mọ iye afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí aláìsàn Covid-19 yóò nílò. Ọ̀nà náà kò pé tán, nítorí pé ọ̀jáfáfá lè fa àwòrán yọ láti inú ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ kó padà, àyàfi bí wọ́n bá pa ẹ̀kọ́ gbogbo ilé ìwòsàn pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ti ẹnì kan ṣoṣo.

Títí irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ rántí pé òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí ẹ tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ lo fóònù ilé ìwòsàn bí ó bá wà, kí ẹ sì pa á rẹ́ níhà méjèèjì nígbà tí dókítà bá ti kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé aláìsàn.